Erfoud, Alnif àti Kem Kem: Níbi Tí Egungun Ayé Àtijọ́ Ti Ń Dọjà

Pápákọ̀ òfurufú wà ní Errachidia, ní gúúsù ìlà-oòrùn Mòrókò. Láti ibẹ̀, títì N13 bá odò Ziz lọ láàárín igi déètì títí dé Erfoud, ó tó nǹkan bí 75 kìlómítà. Ìgbà òtútù ló dára jù. Lójú ẹ̀ẹ̀rùn, ooru ibẹ̀ a máa kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius. Bí ẹ bá ti ń wọ ìlú lẹ ó ti máa rí àwọn tó ń fi ayùn gé òkúta dúdú tí orthoceras, ẹranko òkun ayé àtijọ́ tí ìkarahun rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, kún inú rẹ̀, tí wọ́n ń dán an di tábìlì àti báàsìnì ìfọwọ́. Kò sẹ́ni tó ń bá wọn jà lórí ìyẹn, òkúta náà pọ̀ lọ jàra. Alnif àti Kem Kem ni ìjà wà, lórí bóyá ó yẹ kí wọ́n máa ta fọ́sìlì, ìyẹn ẹranko ayé àtijọ́ tó ti di òkúta.

Alnif tó 90 kìlómítà sí Rissani, lójú títì N12. Lórí òkè Issoumour, àwọn awalẹ̀ ń fi hámà àti irin ẹlẹ́nu mímú gbẹ́ kòtò gígùn tẹ̀ lé ìpele òkúta. Trilobite ni wọ́n ń wá, ẹranko inú òkun; àwọn ti ibẹ̀ ti kú láti nǹkan bí 390 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Kì í hàn lódindi. Wọ́n á fọ́ òkúta, wọ́n á wo ojú ibi tó ti là. Bí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ bá wà níbẹ̀, ẹranko náà ló ti là sí méjì yẹn. Ó yẹ kí wọ́n tètè fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́ padà, torí bí etí ibi tó ti là bá rún, kò ní ṣe rẹ́gí mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan irin kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n, àti iyẹ̀fun tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ẹnu páìpù tín-ín-rín, lábẹ́ maikirosíkópù. Walliserops, tó ní àmúga ẹlẹ́nu mẹ́ta níwájú orí, lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹni tó bá kánjú á ṣẹ́ ẹ, á sì fi résìnì, ike olómi tó ń gan, mọ òmíràn sí i.

Ibẹ̀ ni ayédèrú ti ń wọlé. Ẹ wá ojú ihò róbótó wẹ́wẹ́ lára rẹ̀: afẹ́fẹ́ tó há sínú résìnì ni. Sísán tòótọ́ máa ń gba inú òkúta kọjá sára ẹranko. Bó bá dúró níbi tí ẹranko ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́jà, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ gbígbóná kàn án lábẹ́: ike á rùn, òkúta kò ní rùn. Òwú tí ẹ fi àsítóònù rin yóò bó ọ̀dà rẹ̀ kúrò. Àgbọ̀n mosasaur, ẹranko afàyàfà inú òkun, tó ń ti ibi ìwakùsà fọ́sífétì Khouribga wá ló ń tanni jẹ jù: eyín inú rẹ̀ lè jẹ́ ojúlówó, ṣùgbọ́n ti ẹranko mẹ́ta-mẹ́rin ni, wọ́n wá fi gúlù àti iyanrìn tò wọ́n lọ́wọ̀ọ̀wọ́.

Kem Kem, agbègbè olókè nítòsí ààlà Algeria, tún yàtọ̀. Egungun ibẹ̀ súnmọ́ 100 mílíọ̀nù ọdún, ara òkè sì ni ihò wà, ihò tí èèyàn ń rá wọ̀, tí kò sí igi tó gbé òrùlé rẹ̀ ró. Ó máa ń ya lu awalẹ̀. Owó tó wọ àpò rẹ̀ kò sì jọ èyí tí wọ́n ń san nílùú òyìnbó rárá.

Ní 2008, Nizar Ibrahim, onímọ̀ egungun ayé àtijọ́, rí àpótí egungun kan gbà lọ́wọ́ awalẹ̀ kan ní Erfoud. Nígbà tó yá, ó rí irú rẹ̀ ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Milan. Ọwọ́ àwọn oníṣòwò ni ìyẹn ti gbà débẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ihò tí wọ́n ti wá. Ọdún 2013 ló tó tún rí awalẹ̀ náà ní Erfoud, ìyẹn mú un dé ojú ihò, egungun yòókù sì wà níbẹ̀. Egungun Spinosaurus, dáínásọ̀ ńlá apẹran, tí wọ́n kéde ní 2014 nìyẹn. Ká ní awalẹ̀ yẹn ti kú ńkọ́?

Society of Vertebrate Paleontology, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ egungun ẹranko ayé àtijọ́, kò fẹ́ kí egungun tó ṣe pàtàkì fún ìmọ̀ wọ ọwọ́ aládàáni, torí ohun tí onímọ̀ kan bá sọ, ó yẹ kí òmíràn lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò, aládàáni sì lè ti ilẹ̀kùn nígbàkigbà. Ọ̀rọ̀ wọn mọ́gbọ́n dání. Lẹ́yìn tí wọ́n lu Stan, egungun dáínásọ̀ T. rex kan, ní gbàǹjo ní 2020 ní mílíọ̀nù 31.8 dọ́là, ó ju ọdún kan lọ kí aráyé tó mọ̀ pé Abu Dhabi ló ń lọ. Ṣùgbọ́n tí a bá ní kí wọ́n fòfin de awalẹ̀ Mòrókò pátápátá, ta ni yóò máa wá a? Mohamed Ben Moula, awalẹ̀ ni, òun ló rí àwọn fọ́sìlì Fezouata lẹ́bàá Zagora tó yí ohun tí a mọ̀ nípa ìgbà Ordovician, tó ti lé ní 440 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, padà, ó sì fi wọ́n han àwọn onímọ̀. Ní tiwa, ẹni tó rà á kọ́ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Àdírẹ́sì tó sọnù, ìyẹn ibi tí wọ́n ti wú egungun náà, ni.

Rìsíìtì ọlọ́jà kì í ṣe ìwé àṣẹ. Ìjọba Mòrókò ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ tí fọ́sìlì fi ń jáde. Ní oṣù kẹta 2017, wọ́n fẹ́ lu egungun plesiosaur kan, ẹranko afàyàfà inú òkun, láti Khouribga ní gbàǹjo ní Párísì. Mòrókò pariwo, wọ́n sì fà á kúrò. Nítorí náà, ẹ béèrè ìwé, kí ẹ sì béèrè orúkọ òkè, ìpele òkúta àti àmì GPS bó bá wà. Iwájú awalẹ̀ ni kí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá ti dé ọwọ́ alágbàtà kejì, “Kem Kem” nìkan ni wọn yóò kọ sí i lára, Kem Kem sì gùn ju 200 kìlómítà lọ.