Kí A Tó Yá Píánò Ilé Ẹ̀kọ́ Fún Eléré Orí Ìtàgé

Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ lórin ní Kubwa, ní Àbújá, píánò kan ṣoṣo ni a ní, àwọn eléré orí ìtàgé sì máa ń wá yá a bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé. Èmi kì í kọ̀ fún wọn, nítorí inú mi máa ń dùn bí ohùn rẹ̀ bá dé ìta ọgbà wa. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan, ẹgbẹ́ kan gbé e lọ sí Garki, wọ́n sì dá a padà pẹ̀lú ìda àbẹ́là tó ti gan mọ́ orí rẹ̀ àti téèpù tó ti bó ọ̀dà ìdérí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó darí eré náà bẹ̀ mí gan-an, mo sì gbà. Láti ìgbà náà, píánò wa kò jáde mọ́ láìjẹ́ pé a kọ àdéhùn sílẹ̀.

Gbígbé rẹ̀ ni ewu àkọ́kọ́. Píánò olóòró bíi tiwa lè wọ̀n tó 200 sí 300 kìlógíráàmù, apá ẹ̀yìn ló sì wúwo jù, nítorí ibẹ̀ ni irin ńlá tó di okùn irin bíi 230 mú wà. Àwọn táyà kéékèèké abẹ́ rẹ̀ kò wà fún ìrìn àjò. Bí wọ́n bá há sí kòtò, ó lè ṣubú lu ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, kí wọ́n gbé e lé pákó oní-táyà, kí wọ́n sì dè é dáadáa.

Ọyẹ́ ni mo bẹ̀rù jù. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ náà máa ń mú kí pákó tó ń gbé ohùn jáde súnkì, ó tilẹ̀ lè sán. Iná ìtàgé tó ń móoru a tún dá kún un. Nígbà tí píánò wa dé láti Garki, mo tẹ ohùn kan láàárín rẹ̀, níbi tí okùn irin mẹ́ta ti ń dún pọ̀ bí ẹyọ kan, mo sì gbọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi í sílẹ̀ kí ara rẹ̀ tó balẹ̀, kí a tó pe ẹni tó ń tún ohùn rẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá yá a ni yóò san owó àtúnṣe ohùn náà báyìí.

Bí òṣèré yóò bá gun orí píánò, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ kùn ún ní ọ̀dà, kí kápẹ́ńtà ṣe èyí tó jọ ọ́, kí wọ́n sì gbé kíbọ́ọ̀dù sínú rẹ̀. Tiwa kò wà fún ìyẹn. Èmi fúnra mi ni mo máa ń bá a lọ. Bí eré bá parí lálẹ́, èmi ni mo ń ti ìdérí rẹ̀, tí mo sì ń fi aṣọ bò ó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìtàgé.