Nọ́ńbà Woolwich lórí fóònù mi ní Ìbàdàn

Nọ́ńbà ilé wa tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 020, kóòdù Lọ́ńdọ̀nù, ti dàgbà ju àkọ́bí mi lọ. Bàbá wọn ló gbà á nígbà tí a kó dé Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù, òun ló sì wà lọ́wọ́ gbogbo mọ̀lẹ́bí, láti Òṣogbo títí dé Chicago. Dókítà wa ní i, káńsù ní i. Ìyá àgbà kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí kì í lo WhatsApp rárá. Fóònù onítẹ̀ẹ́ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn, nọ́ńbà wa sì wà lára ìwọ̀nba tí wọ́n mọ̀ sórí. Bí wọ́n bá pè tí a kò gbé e, ọkàn wọn kì í balẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà nígbà tí àwọn ọmọ ní kí n jẹ́ kí nọ́ńbà náà lọ, pé ta ló tún ń lo fóònù ilé.

Wọ́n ń pa fóònù oníwáyà bàbà ní Britain. Ìparí ọdún 2025 ni wọ́n kọ́kọ́ dá, kí wọ́n tó sún un sí ìparí oṣù Kíní ọdún 2027. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo fóònù ilé ń kó lọ. Wọ́n ní kí àwa náà yọ fóònù lára ògiri, kí a so ó mọ́ ẹ̀yìn ráútà, àpótí tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ara ráútà yẹn nìkan ni nọ́ńbà náà so mọ́. Bí mo bá wà lọ́dọ̀ Màámi ní Òkè-Àdó, ilé òfìfo ló ń dún sí.

Mo bá gbé nọ́ńbà náà lọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn, àwọn tó jẹ́ pé nọ́ńbà orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ń tà. Òfin Ofcom, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù ní Britain, fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti mú nọ́ńbà rẹ̀ dání. Ẹ má fagi lé ti àtijọ́ fúnra yín o! Ilé iṣẹ́ tuntun ni kí ó gbà á wá, torí nọ́ńbà tí ẹ bá ti fagi lé lè bọ́ lọ́wọ́ yín pátápátá. Ẹ sì kọ́kọ́ béèrè bóyá gbígbé e kò ní gé íntánẹ́ẹ̀tì ilé mọ́ ọn.

Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n fún mi: orúkọ, ọ̀rọ̀ aṣínà àti àdírẹ́sì sáfà wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ìpè. Mo tẹ̀ wọ́n sínú áàpù Linphone; Zoiper náà wà. SIP ni ètò tó ń gbé e ṣiṣẹ́. Fóònù mi á máa ránṣẹ́ sí sáfà náà lóòrèkóòrè pé ibi tí òun wà rè é. Bí ẹnì kan bá pe 020, sáfà á pe gbogbo ẹ̀rọ tó ti forúkọ sílẹ̀: ti pálọ̀ ní Woolwich ń dún, tèmi náà ń dún ní Òkè-Àdó. Ẹni tó pè ń san owó ìpè Lọ́ńdọ̀nù, èmi ń san owó dátà. Bí èmi bá sì pe ẹlòmíràn, 020 náà ni yóò rí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìjà aago mẹ́jọ àárọ̀ tí a máa ń bá ọ́fíìsì dókítà jà láti gba àyè rí dókítà, ẹ mọ bí èyí ti ṣe pàtàkì tó. Ẹ̀yìnkùlé Màámi ni mo ti ń pè wọ́n. Nígbà ooru wọn, aago wa bára mu. Nígbà òtútù, aago mẹ́sàn-án Ìbàdàn ni mẹ́jọ tiwọn.

Dátà kì í ṣe ìṣòro. Ọ̀nà méjì tí áàpù lè gbà di ohùn ni G.711 àti G.729. Pẹ̀lú G.711, tó ń gbé ohùn jáde ketekete, ìpè wákàtí kan á jẹ nǹkan bí 80 MB, G.729 kò tó ìdajì ìyẹn, ó sì gbọ́ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò lágbára. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú ni pé áàpù kì í dún. Fóònù ló ń pa á láti tọ́jú bátìrì. Lórí Android, ẹ wọ sétìnì bátìrì, kí ẹ yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó ń pa. iPhone kì í gbà kí áàpù jókòó sẹ́yìn báyẹn, nítorí náà ẹ wá èyí tó ń fi push, ìyẹn ìfitónilétí láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, jí fóònù. Bí wọ́n bá ń gbọ́ yín tí ẹ̀yin kò gbọ́ wọn, ẹ gbìyànjú STUN nínú sétìnì, èyí tó ń jẹ́ kí áàpù mọ àdírẹ́sì yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ aṣínà gbọ́dọ̀ gùn, kí ó sì le. Àwọn olè wà tí wọ́n ń wá àkáǹtì bẹ́ẹ̀ káàkiri, tí wọ́n ń fi í pe àwọn nọ́ńbà olówó ńlá ní òru. Ẹ ní kí ilé iṣẹ́ yín dé owó tí ẹ lè ná mọ́ ibì kan.

Èyí tí mo ń tẹnu mọ́ fún àwọn ọmọ mi jù lọ ni 999, nọ́ńbà pàjáwìrì Britain. Àdírẹ́sì Woolwich ló wà lára nọ́ńbà náà, nítorí náà ẹni tó bá fi áàpù pe 999 láti Ìbàdàn, Woolwich ni áńbúláǹsì ń lọ. Ní Nàìjíríà, 112 ni kí wọ́n pè, láti orí síìmù Nàìjíríà.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ sílé fún Kérésì, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹwàá. Gbígbé nọ́ńbà lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì yẹ kí ẹ ti dán an wò lórí dátà, láìsí Wi-Fi ilé, kí ẹ tó wọ bàálù.