Ògbómọ̀ṣọ́ tí ejẹ́ǹtì AI ò rí

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ògbómọ̀ṣọ́

Síso ejẹ́ǹtì AI (ètò AI tó lè fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà) mọ́ áàpù àkọsílẹ̀ kò le tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Obsidian là ń lò níbí, ohun tó sì ń pè ní vault kò ju fódà kan lọ. Fáìlì .md ni àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ lásán tí ìrinṣẹ́ èyíkéyìí lè kà. Bí ejẹ́ǹtì bá ti jẹ́ irú èyí tó ń gbé inú terminal (ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), bíi Claude Code, ẹ kàn wọ fódà náà kí ẹ tó pè é:

cd ~/akosile
claude

Àṣẹ ls (tó ń to orúkọ fáìlì), cat (tó ń gbé inú fáìlì síta) àti rg (ripgrep, tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì) ti tó o láti bẹ̀rẹ̀. Joplin, áàpù àkọsílẹ̀ míì, ò rí bẹ́ẹ̀, torí inú database SQLite ló ń kó tirẹ̀ sí. Ẹni tó bá ń lò ó á gba ọwọ́ áàpù Joplin ti terminal kọjá. Obsidian náà ti ní àṣẹ tirẹ̀ báyìí, inú Settings, lábẹ́ General, ni wọ́n ti ń tàn án. Èyí tó wúlò jù níbẹ̀ ni `obsidian daily:append content="..."`, tó ń fi ìlà kan kún ìsàlẹ̀ àkọsílẹ̀ òní láìfọwọ́ kan ìyókù.

Lẹ́tà wa gan-an ni wàhálà fara pamọ́ sí. Ẹ ní kí ejẹ́ǹtì wá gbogbo ibi tí ẹ ti dárúkọ Ògbómọ̀ṣọ́. Á fi rg wá a, á sì fi gbogbo ẹnu sọ pé kò sí níbẹ̀, nígbà tí fáìlì náà ń wò ó lójú kòró. Ẹ dán èyí wò:

printf 'Ògbómọ̀ṣọ́' | wc -m

Lẹ́tà mẹ́jọ lojú ń rí, ṣùgbọ́n ohun tí kọ̀ǹpútà tọ́jú ni wc -m ń kà. Bó bá jẹ́ ìlànà NFC (tó ń so lẹ́tà àti àmì pọ̀ níbi tó bá ṣeé ṣe) ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, 10 ló máa jáde. Bó bá jẹ́ NFD (tó ń tú wọn ká), 15 ni. Unicode (àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò) ní 'ò' ní odindi, ó ní 'ọ' náà ní odindi, ṣùgbọ́n kò ní 'ọ̀'. Àmì ohùn gbọ́dọ̀ tò sẹ́yìn ọ. Nítorí náà, ọ̀ jẹ́ méjì nínú NFC. Nínú NFD ó di mẹ́ta: o, àmì abẹ́, àmì orí. Ohun tí rg ń fi wéra nìyẹn, kò mọ ohun tó ń jẹ́ pé wọ́n jọra lójú. Ohun tí ẹ tẹ̀ lórí fóònù, èyí tí ẹ kọ́pì látinú PDF LAUTECH, èyí tí ẹ tẹ̀ lórí laptop, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè bá ìlànà tirẹ̀ wá. Ká má tíì sọ ti ẹni tó kọ Ogbomoso lásán, láìní àmì kankan.

Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di NFC kí ejẹ́ǹtì tó wọlé. Lórí Ubuntu:

sudo apt install icu-devtools
uconv -x any-nfc oja-waso.md > tuntun.md

Ẹ má darí èsì rẹ̀ padà sínú fáìlì kan náà o: shell (ètò tó ń gba àṣẹ nínú terminal) á ti sọ fáìlì yẹn dòfo kí uconv tó kà á. Fún ti àwọn tí kò lámì, ẹ ṣe ẹ̀dà kan tí wọ́n ti bọ́ àmì rẹ̀ kúrò, kí ejẹ́ǹtì máa fi ìyẹn wá nǹkan:

uconv -x "NFD; [:Mn:] Remove; NFC"

Ìta vault ni kí ẹ̀dà yẹn wà, torí oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ á di ohun kan náà níbẹ̀. Ẹ kọ òfin yìí sínú CLAUDE.md, òun ni Claude Code máa ń kà bó bá ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì fi kún un pé orúkọ fáìlì kò gbọdọ̀ lámì. Bó bá lámì, git (ètò tó ń tọ́jú ìtàn àyípadà fáìlì) á kọ ọ bíi \341\273\215, ejẹ́ǹtì á wá máa wá fáìlì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kiri. `git config core.quotepath false` ló ń wo ìyẹn sàn.

Git yẹn ò ṣeé yọ sílẹ̀. Ẹ commit (ẹ fi bí fáìlì ṣe wà pamọ́ sínú git) kí ejẹ́ǹtì tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo `git diff --word-diff` lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ lè rán an pé kó tún ìlà kan ṣe, kó lọ yí àmì ohùn ìlà mẹ́ta míì padà láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá já láàárín iṣẹ́, `git status` ló máa fi èyí tó ti fọwọ́ kàn hàn. Ẹ má sì jẹ́ kó fi mv yí orúkọ fáìlì padà: Obsidian ò ní mọ̀, àwọn ìsopọ̀ [[ ]] á sì já. Inú áàpù ni kí ẹ ti ṣe ìyẹn.

Dátà àti owó ńkọ́? Yorùbá tó lámì máa ń jẹ token (ègé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣírò owó AI) ju Gẹ̀ẹ́sì tó gùn tó o lọ. `rg -n -C 2` tó fún ìbéèrè púpọ̀, ìlà méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Kí ejẹ́ǹtì má lọ máa fi cat da odindi fáìlì síta.

Ẹ fún un láyè ls, cat àti rg nìkan, kó máa béèrè kó tó ṣe ìyókù, kí rm (tó ń pa fáìlì rẹ́) má sì sí lára ohun tó lè ṣe rárá. Fódà ọ̀tọ̀ ni ká kó ohun tí a gé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì sí, níta vault tó ń kà, torí àṣẹ tí àjèjì kọ sínú irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀, ejẹ́ǹtì lè rò pé ẹ̀yin lẹ rán òun.