Odò Ọ̀tìn, níbi tí àwọn sójà Èkó dó sí

Ọkọ̀ Ọ̀fà ni mo wọ̀ ní Òṣogbo. A kọjá Ìkìrun, a kọjá Ìníṣà, mo sì ní kí dẹ́rẹ́bà sọ̀ mí kalẹ̀ ní Òkukù, nítorí odò Ọ̀tìn ni mo bá wá. Odò yìí ni àwọn ará Òkukù ń bọ lọ́dọọdún, àmọ́ ọ̀rọ̀ ogun ló gbé mi débẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Jálumi ní 1878, tí Ìbàdàn ti bá Ìlọrin àti àwọn Èkìtì òun Ìjẹ̀ṣà jà, Ìbàdàn ló ń ṣọ́ Ìkìrun. Ìlọrin ní tiwọn dó ti Ọ̀fà. Ní 1893, Carter, òyìnbó tó jẹ́ Gómìnà Èkó, gòkè wá, ó sì mú kí wọ́n tú ibùdó wọn. Ìbàdàn lọ sílé. Ta wá ni yóò máa ṣọ́ ẹnu ibodè? Àwọn sójà Hausa ìjọba Èkó ni. Odò Ọ̀tìn ni wọ́n wá fi ṣe àgọ́. Ẹrú tó sá kúrò lọ́wọ́ olówó rẹ̀ pọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun yẹn, ẹ sáà wo bí yóò ti rí lára àwọn olówó ẹrú tó ń wò wọ́n lókèèrè!

Ní 1895, àwọn balógun Ìlọrin dìtẹ̀ mọ́ Ẹ́míà Moma, tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun àti òyìnbó wọ̀. Ó kú nínú ọ̀tẹ̀ náà, Sulaiman sì jẹ Ẹ́míà. Nígbà tó di 1896, ogun Ìlọrin ṣígun bá àgọ́ Odò Ọ̀tìn. Ìbọn sójà lé wọn padà, ṣùgbọ́n Èkó kò lè lépa wọn dé ilé: Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ni ọba Gẹ̀ẹ́sì ti fún ní àṣẹ lórí ìhà ibẹ̀. Ní February 1897, Goldie tó ni ilé-iṣẹ́ náà níkàáwọ́ kó ogun ti Bídà dé, ó sì ṣẹ́gun Ìlọrin. Iṣẹ́ àgọ́ Odò Ọ̀tìn parí, kò pé ọdún márùn-ún.

Ààlà ni kò parí. Ìlọrin bọ́ sí ìhà Àríwá, Ọ̀fà sì bá a lọ, Ọ̀fà tí Ìbàdàn ti gbèjà rẹ̀ nígbà tí Ìlọrin ń gbógun tì í! Èyí dùn mí gan-an. Títí dòní, Ọ̀ṣun ni Òkukù, Kwara ni Ọ̀fà, bẹ́ẹ̀ ìrìn ọkọ̀ kékeré ló wà láàárín wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ tètè jí, kí ẹ lè ráyè jókòó ti àwọn àgbà Òkukù kí ẹ tó wọkọ̀ Ọ̀fà.