Kí ẹ tó lọ ṣe tíṣà nílẹ̀ òkèèrè nítorí Jésù

Láti ìgbà tí mo ti Gáńbíà dé, kì í pẹ́ kí ọ̀dọ́ kan nínú ìjọ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde tó dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn. "Àǹtí, èmi náà fẹ́ lọ ṣe tíṣà níbẹ̀ o. Ọlọ́run ló ń pè mí." Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, kí lẹ mọ̀ ọ́n kọ́? Àwọn kan á máa wò mí bí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ayé nínú ilé Olúwa. Ààwẹ̀ ni wọ́n rò pé mo máa ní kí wọ́n lọ gbà. Kí wọ́n gbà á, ààwẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jókòó níwájú yín láago mẹ́jọ àárọ̀, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ro ìdá kan nínú mẹ́ta mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, kí ìṣirò yẹn yé e ni gbèsè tí ẹ jẹ ẹ́ ní wákàtí náà.

Ní tèmi o, kíkọ́ ọmọ náà gan-an ni iṣẹ́ Ọlọ́run tí a bá lọ. A kò fi ṣe ìbòjú fún ìwàásù. Bí ẹ bá ti gbà bẹ́ẹ̀, gbogbo ìmúra yín á yàtọ̀ sí ti ẹni tó rò pé bíbélì àti páálí aṣọ kan ti tó.

Àwa Ìjẹ̀bú ló yẹ kí èyí tètè yé. Àwọn bàbá wa kò ṣílẹ̀kùn fún àwọn míṣọ́nnárì bí Ẹ̀gbá ti ṣe. Ẹ̀yìn ogun Ìmàgbọn, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun wa ní 1892, ni ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ tó rọ́nà wọlé dáadáa. Nígbà tí Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School bẹ̀rẹ̀ ní 1913, àwọn ẹni ọ̀wọ̀ ló ń darí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Israel Oludotun Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, tó ṣe ọ̀gá ibẹ̀ láti 1918 títí di 1932. Àlùfáà ni, àmọ́ òun ló kó àwọn hẹdimásítà Ìjẹ̀bú jọ sínú ẹgbẹ́ kan ní 1926, òun náà ló sì di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ tíṣà gbogbo Nàìjíríà, NUT, ní 1931. N kò tíì bá àgbàlagbà kankan pàdé nílùú wa tó ka ìwàásù rẹ̀ kan fún mi rí. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa ń sọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìwé. Ẹni tí kò ní NCE tàbí dìgírì nínú ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, kó lọ ṣe PGDE, dípúlómà ẹ̀kọ́ olùkọ́ni fún ẹni tó ti gba dìgírì mìíràn, kó tó máa sọ pé ìpè ń bọ̀. Ìjagun níbí ni mo ti ṣe tèmi, ní TASUED, yunifásítì ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ ìjọba tó ń fún olùkọ́ ní ìwé àṣẹ, nítorí ilé ẹ̀kọ́ gidi lókè òkun máa béèrè ẹ̀rí pé ìjọba yín mọ̀ yín sí olùkọ́. Ẹ tètè béèrè tránsíkíríìpù, nítorí bí ìgbín ni ó ń rìn. Tí ibi tí ẹ ń lọ bá ní àfi kí wọ́n fòǹtẹ̀ lu sátífíkéètì yín l'Ábújá, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ lẹ máa kọ́kọ́ yà, kí ẹ tó kọjá sí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ìwé ẹ̀rí ìwà láti ọ́fíìsì ọlọ́pàá tún wà níbẹ̀, ẹ má rò pé ìwé pásítọ̀ lè dípò rẹ̀. Ti káàdì pupa... ẹ jọ̀ọ́, káàdì yẹ́lò ni mo fẹ́ sọ, ti ibà pọ́njú: ẹ gba abẹ́rẹ́ náà, ó kéré tán ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìn-àjò. Láti 2016, ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá gbà á ti tó fún ọjọ́ ayé yín. Àwọn kan ń ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́. Ẹni tó ń lọ sọ̀rọ̀ òtítọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ, tó sì fi irọ́ kọjá ní pápákọ̀ òfurufú, ìyẹn kò yé mi.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ECOWAS tàn yín. Òótọ́ ni pé ọmọ Nàìjíríà lè wọ Gáńbíà láìgba físà, kó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ẹ̀tọ́ láti wọlé nìyẹn. Ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ tún yàtọ̀, ìwé ìgbélùú sì ń gba owó. Ẹ bi ilé ẹ̀kọ́ náà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì: ta ló máa san án?

Ọ̀rọ̀ owó máa ń ti àwa onígbàgbọ́ lójú, ó sì yẹ kó jáwọ́. Ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀: iye tí ilé ẹ̀kọ́ máa san, ibi tí ẹ máa gbé, ẹni tó máa sanwó ọsibítù, ẹni tó máa ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ bí ara yín kò bá yá. Tí ó bá jẹ́ pé ìjọ nílé ni yóò máa fowó ránṣẹ́, ẹ bá wọn sọ ọ́ ní iye tí ẹ máa rí ná lọ́hùn-ún, ẹ má fi mọ sí iye náírà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà ní báńkì. Ìjọba já náírà sílẹ̀ fún ọjà, kí oṣù keje sì tó parí, ó ti kọjá 700. Ní 2024 ó kọjá 1,400. Mo mọ míṣọ́nnárì tí ìjọ rẹ̀ kò yẹ ìlérí kankan, tí wọ́n ń fi owó náà ránṣẹ́ lóṣooṣù láìjáfara, tí kò sì tó o ra ìrẹsì mọ́.

Nínú kíláàsì wàyí. Ìdánwò WASSCE ni wọ́n ń ṣe ní Gáńbíà bíi tiwa, nítorí abẹ́ WAEC kan náà ni wọ́n wà pẹ̀lú àwa, Gánà, Sẹrà Líónì àti Làìbéríà. Ẹni tó bá ti kọ́ SS3 ní Ṣàgámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́ kò lè ṣìnà púpọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìdánwò GABECE tiwọn ní kíláàsì kẹsàn-án, èyí tí a kò mọ̀ níbí, ẹ sì gbọ́dọ̀ wá ìbéèrè àtijọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí kí ẹ tó kúrò nílé. Ìṣirò ni mo ń kọ́ ní tèmi. Mo jókòó ti nóòtì mi nílé, mo yí náírà inú rẹ̀ sí dalasi, mo yí Ṣẹ́gun àti Bísí sí Lamin àti Fatou, mo sì ju ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn nù, mo fi ọkọ̀ ojú omi orí odò Gáńbíà rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ kékeré ni lójú. Ọmọ tó bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú ìbéèrè máa ń dáhùn kíá ni.

Ẹ fi fóònù gba ohùn yín sílẹ̀ níbi tí ẹ ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ kan, kí ẹ fún ẹni tí kì í ṣe Yorùbá gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n Mandinka, Wolof tàbí Fula ni wọ́n ń sọ nílé, Gẹ̀ẹ́sì tó gba ẹnu Ìjẹ̀bú jáde sì lè ta létí wọn. Ẹ kọ́ ìkíni wọn kí ẹ tó kọ́ ohun mìíràn. Wọ́n ń kíra wọn pẹ́ bíi tiwa. Pankẹ́rẹ́ ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ púpọ̀ máa ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé òfin ààbò ọmọdé: ẹ kò ní na ọmọ, ẹ kò ní dá wà pẹ̀lú ọmọ kan nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ohun tí wọ́n máa ń bi mí jù ni ti ẹ̀sìn. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Gáńbíà, kódà nínú ilé ẹ̀kọ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì dá sílẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ti kọ́ ìdajì èyí nílé. Àlùhájì ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ẹran Ìléyá rẹ̀ la fi ń dáná, ní ọjọ́ kẹta Ìléyá gbogbo wa a sì dà sí Ojúde Ọba, àjọ̀dún tí ìlú fi ń kí Awùjalẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi wá pé ta ni Mùsùlùmí. Nítorí náà, nígbà ààwẹ̀ Ramadan, ẹ má jẹun níwájú kíláàsì, ẹ má sì fi ìdánwò líle sí ọ̀sán. Ilé ẹ̀kọ́ á tètè jáde lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ má bínú sí i.

Ti ìjẹ́rìí, òfin tí mo ṣe fún ara mi nìyí: n kì í fi kíláàsì ìṣirò wàásù. Àwọn òbí fi ọmọ wọn lé mi lọ́wọ́ fún ìṣirò. Bí ọmọ bá fúnra rẹ̀ bi mí nípa Jésù, mo máa ń dá a lóhùn ohun tó béèrè, lójú àwọn ẹlòmíràn, láìfi ohunkóhun tàn án. Bí òbí rẹ̀ bá gbọ́, kí ó lè gbọ́ ọ lẹ́nu mi náà. Àwọn ará kan nílé rò pé ìgbàgbọ́ mi ti tutù nítorí èyí. Mo gbọ́ wọn.

Ẹbí náà ń béèrè ìmúra. Nígbà tí mo sọ pé Gáńbíà ni mò ń lọ, àbúrò bàbá mi ní, "Kánádà ti kún ni?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé owó kò ní máa wá. Ẹ bá régbérégbé yín, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí yín, sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, torí owó aṣọ Ojúde Ọba kò mọ ẹni tó wà ní pápá ìhìnrere. Gàrí Ìjẹ̀bú tó kan, tó sì gbẹ, ẹ gbé e dání. Ìrẹsì benachin wọn dùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan á wà tí omi tútù àti gàrí ni ọkàn á fẹ́.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba Ògùn, kó kọ̀wé sí TESCOM, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ olùkọ́ ìjọba, kó sì dúró gba èsì kí ó tó lọ, kó má baà di pé iṣẹ́ ti bọ́. Bí ẹ bá sì ń darí bọ̀, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ lọ́hùn-ún, tó sọ kíláàsì tí ẹ kọ́, iṣẹ́ tí ẹ kọ́ wọn àti ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀ kí ọlidé òjò tó dé, nítorí bí ọ̀gá bá ti lọ, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ sí i fún yín títí di oṣù kẹsàn-án.