Ẹ̀yin ọmọ máṣíìnì, ọyẹ́ kọ́ ló ń gbé yín ṣubú

Okun o, ẹ̀yin àbúrò mi. Sátidé tó kọjá la ṣe fúríídọ̀mù fún ọmọ iṣẹ́ mi kan níbí ní Kàbà, bàbá ẹ̀ wá láti Ìyàrá, wọ́n gbàdúrà, a jẹ ìrẹsì, mo fà á lé wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ tó kún. Kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ n yin ara mi díẹ̀. Àmọ́ kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti ń wọ́ máṣíìnì wá sí ṣọ́ọ̀bù, eléyìí ṣubú lọ́nà Obajana, tọ̀hún wọ gọ́tà, orin kan náà sì ni gbogbo wọn ń kọ: ọyẹ́ ni, kùrukùru ni, mi ò rí iwájú. Mo tẹ ìka mọ́ táyà wọn, kò wọlé rárá. Mi ò bá wọn jiyàn, mo kàn mú fóònù, mo ní n ó kọ nǹkan tí mo mọ̀ sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó kà á.

Ẹ ti mọ máṣíìnì gùn, n ò ní kọ́ yín ní bí wọ́n ṣe ń yí géérì. Ti àsìkò ọyẹ́ nìkan ni mo fẹ́ sọ, ní ẹyọ ẹyọ.

Èkíní, òtútù àárọ̀. Bẹntiróò kì í tètè fẹ́ lọ nínú òtútù, ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì fi ń wúkọ́ láàárọ̀. Ẹ fa ṣóòkù, ẹ ta á, ẹ fi sílẹ̀ kó dún díẹ̀, ẹ wá dá ṣóòkù padà. Ẹ má máa fún tọ́rọ́tù kó máa han. Ọ́ìlì tó sùn mọ́jú ti ki, kò tíì gun òkè dé orí ẹ́ńjìnnì, irin ń lọ irin nígbà tí ẹ̀yin rò pé ẹ ń ta á jí. Àwọn tó tún ń gbàgbé ṣóòkù sílẹ̀ títí dé Ayétòrò, pílọ́ọ̀gì á dúdú, epo á máa lọ, wọ́n á wá máa bú ẹni tó ta epo fún wọn.

Èkejì, eruku. Àwọn kan máa ń yọ fílítà dànù pé kí máṣíìnì lè sáré. Ó máa sáré lóòótọ́, fúngbà díẹ̀. Eruku ọyẹ́ yìí, láti ìhà Chad ló ti ń fẹ́ bọ̀, ó kúnná débi pé ẹ lè má rí i, bó bá ti wọ sílíńdà, ríìǹgì ló máa lọ̀ títí, tẹ́ ẹ bá ti rí èéfín búlúù lẹ́yìn, owó ńlá ti dé nìyẹn. Tí fílítà yín bá jẹ́ fóòmù, ẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á lára. Tó bá jẹ́ oníbébà ẹ máa gbọ̀n ọ́n, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tó bá ti dí. Lásìkò yìí, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀kẹta, ṣéènì. Gíríìsì tó pọ̀ yàn-ànyàn kì í ṣe ìtọ́jú o. Eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á wá máa jẹ eyín sípírókẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ nù ún, ẹ kán ọ́ìlì géérì sí i nírọ̀lẹ́ nígbà tó ṣì gbóná, ẹ wá nu ti òde kúrò. Kó máa jì sókè sódò ní nǹkan bíi 25mm, ẹ má fà á le koko.

Ẹ̀kẹrin ni táyà, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Nọ́ńbà ńlá tó wà lára ẹ̀, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n: 2.75-17 níwájú, 3.00-17 lẹ́yìn fún Boxer tí ọ̀pọ̀ yín ń gùn. Afẹ́fẹ́ ẹ̀ ńkọ́? Nǹkan bíi 25 psi níwájú, 28 lẹ́yìn tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan, 32 tẹ́ ẹ bá gbé èrò. Ìgbà tí ẹ ń wọ̀n ọ́n ló burú, ọ̀sán ni ẹ máa ń lọ bá fọ́kánáísà, nígbà tí táyà ti gbóná. Lásìkò ọyẹ́, àárọ̀ Kàbà lè tutù dé degree 16, kí ọ̀sán sì dé 34, gbogbo bí ooru bá sì fi lọ sílẹ̀ ní degree 5 tàbí 6, psi kan máa ń dín. Ẹ ṣírò ẹ̀: èyí tí géèjì pè ní 28 lọ́sàn-án, kò ní ju 25 lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ẹ ń gbé èèyàn méjì àti àpò gààrí. Táyà tó rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń yí lórí ríìmù, á máa fa túùbù dání, fálúfù á wọ́, á já nídìí. Láàárọ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, kí máṣíìnì tó kúrò lójú kan.

Nọ́ńbà kékeré kan tún wà tí wọn kì í sọ fún yín. Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo gba fúríídọ̀mù tèmi, kò sówó ṣọ́ọ̀bù, mo bá gba Jincheng kan, mo ń fi kó èrò láti Kàbà lọ Mọ̀pà, nígbà míì dé Ìsánlú. Táyà 2.50-18 ló ń lò níwájú. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, mo ní kí n pààrọ̀ iwájú yẹn kí n lè ṣiṣẹ́ Kérésì dáadáa, torí ẹ mọ̀ pé àwọn èèyàn wa tó wà l'Ékòó àti Àbújá máa ń wálé nígbà yẹn, owó máa ń wà lójú ọ̀nà. Mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta táyà, Bọ̀dá ni mo ń pè é. Ó ní ọjà àtijọ́ rèé, ojúlówó, pé irú ẹ̀ ti wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ táyà pa nílẹ̀ wa. Ibi tó ti rí mi mú nìyẹn, torí òótọ́ wà nínú ẹ̀. Michelin ti kógbá wọlé ní Port Harcourt ní 2007, Dunlop náà dáṣẹ́ dúró n'Íkẹjà ní 2008, gbogbo wa la sì ń ṣàárò táyà ilé. Táyà tó gbé jáde dúdú, ó ń dán, àwọn irun rọ́bà tíntìntín ṣì wà lára ẹ̀, ojú ẹ̀ jìn. Mo sanwó, mo tún dúpẹ́.

Oṣù Kìíní wọlé, àwọn tó wálé ń padà, oníkálukú fẹ́ tètè dé páàkì. Ìyá oníṣòwò kan wà, Iye ni gbogbo wa ń pè é, ó fẹ́ lọ bá ọkọ̀ Ìlọrin ní Ìsánlú, a gbéra láàárọ̀ kùtù. Ọyẹ́ ọjọ́ yẹn, ètè mi ti là, ìka mi ò fẹ́ gbọ́ràn mọ́ lórí bíréèkì, iná máṣíìnì ò kọjá ibi tí èèyàn lè sọ òkò dé. Jẹ́jẹ́ ni mò ń lọ. Mo tún un sọ, jẹ́jẹ́ ni mò ń lọ, torí eré àsápajúdé ni wọ́n padà fi kàn mí. A kọjá Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, a dé ibi tí ọ̀nà ti yí tó sì dà sísàlẹ̀, eruku pupa láti ọ̀nà oko ti bo ojú ọ̀dà, ni mo bá rí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó bàjẹ́ sójú títì, kò tanná, wọn ò tilẹ̀ já ewé sẹ́yìn ẹ̀. Mo tẹ bíréèkì, mo yí ọwọ́ díẹ̀. Iwájú lọ. Kò gbọ̀n, kò kìlọ̀, ó kàn yọ́ lọ lábẹ́ mi bí ìgbà téèyàn tẹ àgbàdo gbígbẹ lórí sìmẹ́ǹtì. Mo gbọ́ igbe Iye kí n tó gbọ́ ìró irin.

Ìgúnpá mi bó, ìyẹn ò tó nǹkan. Ọrùn ẹsẹ̀ Iye ló kán.

Wọ́n pèpàdé ní páàkì. Alága ní eré ni mo sá. Bọ̀dá tó ta táyà wá síbẹ̀ fúnra ẹ̀, kò sẹ́ni tó pè é o, ó ní táyà tuntun rèé, ẹ wo bí ojú ẹ̀ ṣe jìn tó, ọmọ yìí ni ò mọ máṣíìnì gùn. Gbogbo wọn mi orí. Owó ilé ìwòsàn, owó ẹni tó bá wa to egungun, owó oúnjẹ ìyá náà títí tó fi lè padà sọ́jà, orí mi ni wọ́n kó gbogbo ẹ̀ lé. Mi ò ní kí n má tọ́jú Iye, èmi ni mo gbé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó ta táyà ò yọ kọ́bọ̀. Mo ta Jincheng, kò tó, ìyá mi kó aṣọ tó fọwọ́ ara ẹ̀ hun jáde nínú àpótí, ó tà á fún àwọn tó wá wáṣọ ìgbéyàwó.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ wá kí mi nílé. Táyà yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó fẹsẹ̀ yí i, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìtọ́ nu ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó pòṣé. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, táyà bí ọdún mẹ́sàn-án lo fi ń gbé èèyàn."

Mo ní, "Ọ̀gá, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ó fọwọ́ lé nọ́ńbà mẹ́rin, 1402. Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2002 ni wọ́n ti ṣe é. Mo wo ojú ẹ̀. Mo ní, ọ̀gá, ṣé ẹ ti mọ eléyìí látọjọ́ yìí? Ó ní, "Ṣé gbogbo nǹkan la máa ń sọ fọ́mọ iṣẹ́ ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fọ aṣọ fún ọkùnrin yìí. Mo pọnmi fún ìyàwó ẹ̀, mo bá wọn ro ewùrà lóko, mo sùn nínú ṣọ́ọ̀bù kí olè má bàa kó irinṣẹ́, gbogbo ọdún tí mo fi wà lọ́dọ̀ ẹ̀, ó ń fojú ka nọ́ńbà yẹn tó bá fẹ́ ra tiẹ̀, èmi ń gbé táyà tẹ̀lé e lẹ́yìn. Mo ṣì ń kí i, àgbà ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá tó ń fi ìdí iṣẹ́ pamọ́ yìí, tí wọ́n á ní ọmọ iṣẹ́ tó bá mọ gbogbo ẹ̀ á gba kọ́sítọ́mà lọ́wọ́ àwọn, ẹ má jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ẹni tí ẹ ń bẹ̀rù pé á gba kọ́sítọ́mà yín ló gbé ìyá ẹlòmíì sẹ́yìn yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní ọmọ iṣẹ́ báyìí, èmi ò kí n fi nǹkan pamọ́ fún yín, ẹ má fi pamọ́ fún tiyín. Ká tiẹ̀ fi ti Ọlọ́run sílẹ̀, ṣé èèyàn ò ní gbé ọmọ tiẹ̀ náà sórí máṣíìnì lọ́jọ́ kan ni?

Ẹ jẹ́ n padà sórí táyà. Rọ́bà máa ń gbó lórí ìkọ́ níbi tí wọ́n gbé e kọ́ sí níwájú ṣọ́ọ̀bù, oòrùn ń pa á, kò dìgbà tí ẹ bá gùn ún. Bó bá ti gbó, á le, nígbà tí òtútù àárọ̀ bá tún mú un, líle á gorí líle, kò ní lè di ilẹ̀ mú mọ́, eruku ló máa gùn. Ìdí nìyẹn tó fi gbé mi dáadáa lọ́sàn-án gbogbo oṣù Kejìlá tó wá dà mí láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ojú tó jìn ò ní kó rọ̀. FRSC, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, máa ń sọ pé kí táyà má ju ọdún mẹ́rin lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é, èmi ò kí n wọ èyí tó ti lé lọ́dún méjì fún ẹni tó ń gbé èrò. Nọ́ńbà mẹ́rin náà máa ń wà ní ìparí ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà tó fi DOT bẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló wà, ẹ yí i padà. Tí wọ́n bá ti ha á kúrò, ẹ máa lọ ilé yín. Dídán yẹn náà, ọ́ìlì ni àwọn kan ń fi pa á, ọ́ìlì sì máa ń ba rọ́bà jẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ la àárín ihò ojú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí ilà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́, kò sí ẹ̀dínwó tó lè tún un ṣe.

Ọ̀kan nínú yín mú táyà kan wá lọ́jọ́sí tí wọ́n kọ M+S (ẹrẹ̀ àti yìnyín lédè òyìnbó) sí lára, ó ní wọ́n sọ fún òun pé ti ọyẹ́ nìyẹn. Ó ti ná owó lé e. Ẹ jọ̀ọ́, òtútù tòyìnbó yàtọ̀. Lọ́hùn-ún, tí ojú ọjọ́ bá ti wálẹ̀ ju degree 7 lọ, rọ́bà lásán máa ń le, ni wọ́n fi ń ṣe táyà tí rọ́bà ẹ̀ rọ̀, èyí tó dájú nínú wọn máa ń ní àwòrán òkè olórí mẹ́ta tí yìnyín wà nínú ẹ̀. Ní Jámánì tí òfin ti mú onímọ́tò ní dandan pé kó lò ó, láti 2017 ni wọ́n ti yọ máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì kúrò nínú òfin yẹn. Kàbà ò ní dé 7 láéláé. Rọ́bà rírọ̀ yẹn lórí ọ̀dà wa lọ́sàn-án, kíá ló máa jẹ tán. Táyà tó ní kókó gìdìgìdì lójú, àwọn tó ń lọ oko ní ìhà Bùnú ló yẹ, nígbà òjò. Lórí ọ̀dà, kókó yẹn nìkan ló ń kan ilẹ̀, bíréèkì yín á máa pẹ́ kó tó mú. Ẹ̀yin ọmọ ojú títì, ẹ wọ onílà lásán, kó ṣáà jẹ́ tuntun, kẹ́ ẹ wo àmì ọfà kẹ́ ẹ má bàa dojú ẹ̀ kọ ẹ̀yìn.

Bọ̀dá yẹn ṣì ń tajà, ó ti fẹ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ sí i. A máa ń kí ara wa. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun ka nọ́ńbà táyà, ọ̀fẹ́ ni, lọ́wọ́ ẹni yòówù kẹ́ ẹ ti rà á, àmọ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kẹ́ ẹ tó sanwó. Tó bá ti wọ ríìmù, wọn kì í gbà á padà.