Ó jọ pé ìdí mi ló ń ṣiṣẹ́

Ọjọ́rú, Ìkòròdú. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá, wọn ò tíì mú iná wá, fóònù ni mo fi ń tẹ eléyìí, bátìrì ẹ̀ sì ti ń kú lọ, ẹ forí jì mí tí mo bá ń sáré sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ ẹ mọ̀ pé àwọn sítúdẹ́ǹtì ìṣègùn máa ń wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́dọ̀ wa ní ibùdó ìlera. Mẹ́jọ ni wọ́n lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ti to táímùtébù wọn láti ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, mo wò ó: ibà ọjọ́ mẹ́ta, abẹ́rẹ́ àjẹsára ọjọ́ mẹ́rin, omi àti ṣáláńgá ọjọ́ méjì, nígbà tó wá kan ọ̀rọ̀ eré ìmárale àti ìlera, wákàtí kan. Wákàtí kan péré o! Mi ò tiẹ̀ lè bú wọn, torí èmi gan-an tí mo ń sọ yìí, mi ò rántí pé ẹnikẹ́ni kọ́ mi ní wákàtí kan yẹn nígbà tèmi. Gbogbo ohun tí mo bá kúrò nílé ìwé ò ju kí n sọ fún aláìsàn pé "ẹ máa ṣe ẹsasáìsì díẹ̀díẹ̀," kí n wá kọ oògùn lé e.

Mo ti ṣe síláìdì sílẹ̀ látàná, ó rẹwà, mo fi àwòrán sí i. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iná lọ. Epo tó wà nínú jẹnẹrétọ̀ sì jẹ́ ti fíríìjì àjẹsára, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, òun àti Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni wọ́n jọ máa sọ ọ́. Mo wo àwọn ọmọ yìí lórí àga oníke, gbogbo wọn dorí kodò sínú fóònù, mo ní ó yá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká jáde.

A ń rìn lọ sójú títì, mo bi wọ́n pé ìṣẹ́jú mélòó ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà fi ṣe eré ìmárale lọ́sẹ̀. Háà, wọ́n kà á bí ọmọ kéú! Ìṣẹ́jú 150 sí 300 fún èyí tó mọ níwọ̀n, tàbí 75 sí 150 fún èyí tó le, kéèyàn sì ṣe eré tó ń fún iṣan lágbára ó kéré tán ọjọ́ méjì, ìlànà ọdún 2020. Mo ní ẹ kú iṣẹ́. Mo ní ẹ wá ṣàlàyé "èyí tó mọ níwọ̀n" yẹn fún ìyá tó ń ta tòmátì ní Sábó. Gbogbo wọn dákẹ́. Ọ̀kan ní òun máa sọ fún màmá pé kó ṣe é "ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì," mo rẹ́rìn-ín títí, mo ní màmá á rò pé ọ̀rọ̀ ọtí lo bá wá.

Ohun tí mo kọ́ wọn nìyí o: tó o bá ń rìn tó o ṣì lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tó ò lè kọrin, o ti dé ibẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan péré lo lè sọ kó o tó mí, ìyẹn ti le nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọkùnrin gíga kan tó ń bá wọn kọrin ní kọ́yà, ní òun lè kọrin dáadáa. Mo ní ó dáa, rìn bí ẹni tí BRT fẹ́ fi sílẹ̀, kó o máa kọ ọ́. Ìlà kìíní jáde, ó dùn, kódà ọmọbìnrin kan ti fẹ́ bá a gbè é. Ní ìdajì ìlà kejì ohùn ẹ̀ já, ó fọwọ́ mú àyà, ó fa èémí, ó tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ohùn ẹ̀ tún já. Oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan wá dúró tì wá, ó wo aṣọ funfun wa láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin dókítà, ẹ wọlé jàre, ẹ má fìyà jẹ ara yín."

(Ọ̀kan tún wà níbẹ̀ tó ní aago ọwọ́ tó ń ka ìṣísẹ̀, ó ní òun gbọ́dọ̀ pé 10,000 lójúmọ́ kóun tó sùn. Mo sọ fún un pé kì í ṣe yàrá ìwádìí ni 10,000 ti wá, àwọn tó ń ta ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀ ní Japan láàárín ọdún 1960 sí 1970 ló fi pe ọjà wọn. Inú ẹ̀ ò dùn sí mi rárá.)

Ibi tá a dúró sí ni dánfó kan ti yọ. Kí ọkọ̀ tó dúró, kọ̀ndọ́ ti fò sílẹ̀, ó ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń pe "Kẹ́tù, Mile 12, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o," ó ti màmá kan àti ẹrù ẹ̀ wọlé, ó tún fò mọ́ ilẹ̀kùn. Dírẹ́bà ní tiẹ̀ ò mira, táwẹ̀lì lọ́rùn, ikùn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan sítiárìn. Mo ní ẹ wo àwọn méjèèjì yẹn dáadáa, ta ni àrùn ọkàn máa tètè bá? Gbogbo wọn ní kọ̀ndọ́ ni, mà, torí sìgá àti paraga. Mo ní ẹ fi paraga sílẹ̀ ná.

Mo wá sọ ìtàn Jerry Morris fún wọn. Dókítà yìí àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kó nǹkan bí ọkùnrin 31,000 tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ́nù jọ, ọmọ ọdún 35 sí 64, wọ́n gbé àbọ̀ ẹ̀ jáde nínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, lọ́dún 1953. Dírẹ́bà jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, kọ̀ndọ́ ń gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ sókè lọ sílẹ̀ torí tíkẹ́ẹ̀tì. Àrùn ọkàn tó ń bá àwọn kọ̀ndọ́ kéré sí tàwọn dírẹ́bà, àwọn tó sì bá nínú wọn, kì í tètè pa wọ́n bíi tàwọn dírẹ́bà.

Ọmọbìnrin kan tí kò tíì lanu látàárọ̀ wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kì í ṣe pé àwọn tó ti sanra tẹ́lẹ̀ ló lọ ń ṣe dírẹ́bà ni?" Ẹ̀yin èèyàn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn! Ìbéèrè tí Morris fúnra ẹ̀ bi ara ẹ̀ nìyẹn, ó lọ wo ìwọ̀n ṣòkòtò yunifọ́ọ̀mù tí ilé iṣẹ́ fún wọn, ó gbé ìyẹn náà jáde lọ́dún 1956. Lóòótọ́, ìbàdí àwọn dírẹ́bà tóbi jù. Àmọ́ nígbà tó fi oníṣòkòtò ńlá wé oníṣòkòtò ńlá, onítínínrín wé onítínínrín, àwọn kọ̀ndọ́ ṣì sàn jù. Baba yẹn fúnra ẹ̀ pé ẹni ọdún 99 kó tó kú lọ́dún 2009.

Inú mi dùn débi pé mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Kò tíì parí o.

A padà sí ibùdó ìlera, Àlàájà kan wà lórí bẹ́ǹṣì, ẹlẹ́ja ni, ó máa ń yan ẹja tà ní apá Ẹ̀bútẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ló ń bá a fà á, bípì ẹ̀ lónìí 158 lórí 94. Ọmọ kọ́yà wa yìí kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ó wá ní, "Ẹ máa rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ mà, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀." Àlàájà wò ó, kò tíì sọ̀rọ̀, ó kọ́kọ́ tú gèlè ẹ̀, ó tún un wé. Ó ní, "Ọmọ mi, aago mẹ́rin ni mo ti jí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbé agbọ̀n ẹja. Ìwọ lo wá fẹ́ kọ́ mi ní ìrìn?" Ojú ti ọmọ yìí, ó ń wo ilẹ̀. Ó ti kọ ọ́ sí fáìlì pé iṣẹ́ agbára ni màmá ń ṣe, kí n ṣáà jẹ́ kó lọ.

Mo fa àga sún mọ́ màmá, mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi ka àná látìgbà tẹ́ ẹ jí. Bó ṣe ń kà á ni òótọ́ ń jáde. Ó jí lóòótọ́, ó kírun nílé. Ọlọ́kadà gbé e dé ẹnu ọ̀nà ààrò. Alábàárù ló gbé agbọ̀n, ó ti tó ọdún mẹ́fà tí eékún ò jẹ́ kó gbé e mọ́. Àwọn ọmọ ọmọ ló ń yí ẹja. Ó jókòó sórí àpótí láti aago mẹ́fà, ó ń gba owó, ọlọ́kadà tún gbé e wálé lálẹ́. Nígbà tó kà á débẹ̀, ó dúró, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Áà, ó jọ pé ìdí mi ló ń ṣiṣẹ́!"

Mo ṣàlàyé fún un pé oògùn ẹ̀ dúró o, kò gbọ́dọ̀ já a, àmọ́ iṣan ẹsẹ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́ máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọlé kódà tí ínsúlínì, èròjà ara tó ń darí ṣúgà, ò bá ríṣẹ́ ṣe dáadáa, bí ẹni tó ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó gbọ́ ọ yé. Ọmọ kọ́yà wá ní kí màmá máa tètè sọ̀ lórí ọ̀kadà, kó fẹsẹ̀ rin ìyókù. Àlàájà ní rárá o. Ó ní tí wọ́n bá rí òun tóun ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ọjà, wọ́n á ní owó ti tán lọ́wọ́ Àlàájà, àwọn tó ń ra àwìn á bẹ̀rẹ̀ sí í sá, àwọn tóun jẹ lówó á sì wá gbà á lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀rọ̀ yẹn ò sí nínú síláìdì mi. Èmi náà dákẹ́. Ká má tíì sọ gọ́tà tó ṣí sílẹ̀ àti ọlọ́kadà tó ń gba ẹ̀gbẹ́ títì.

Òun fúnra ẹ̀ ló rí ọ̀nà àbáyọ. Ó ní mọ́sáláṣí kan wà lọ́hùn-ún tó jìnnà ju ti ẹ̀yìnkùlé òun lọ, òun àti ìyàwó àbúrò òun á máa fẹsẹ̀ rìn lọ kírun àsùbáà níbẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó máa ní owó tán, wọ́n á kàn ní Àlàájà ti mú ẹ̀sìn le sí i. Ọmọ kọ́yà kọ ọ́ sí fáìlì bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, "mọ́sáláṣí tó jìnnà," mo ní má pa á rẹ́.

Èmi náà wá ní àbí kí n dán an wò. Mo fi mọ́tò sílẹ̀ ní kọ́ńpáǹdù fún gáàdì, kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ láti ibẹ̀ délé mi. Mo rìn ín, mo tiẹ̀ dán orin wò, kò jáde. Mo kù díẹ̀ kí n yà sí àdúgbò wa ni ìyá alákàrà rí mi. Ó ní, "Ẹ̀ẹ́ẹ̀n, Dókítà, ṣé kò sí o? Mọ́tò ń kọ́?"

Mo ní, "Ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, mà."

Ó ní Ọlọ́run á pèsè, ó wé àkàrà méjì sínú bébà, ó kọ̀ láti gba owó. Mo ti jẹ ẹ́ tán kí n tó délé.